Ẹ Má Tijú Láti Sọ Pé Ẹ Kò Tíì Mọ̀ Ọ́n

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà nínú ìdílé yín lónìí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà lọ́wọ́. A ti dúpẹ́ lórí rẹ̀ nínú ìjọ, a ti jó, a ti yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni náà kò rí oorun sùn. Ó ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Iṣẹ́ yìí ju agbára mi lọ. Wọn yóò mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan.” Bí ó bá sọ ọ́ jáde, kí ni àwa máa ń sọ fún un? A ó ní, “Má bẹ̀rù, ìwọ ni yóò borí.” Àdúrà náà dára, mo sì ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìdáhùn náà kò tó, àti pé nígbà mìíràn ó lè kó ẹlòmíràn sínú ewu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Ìlú Ọba fi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn aláìlera, tí àwọn ará wa ń pè ní iṣẹ́ care, kún àwọn iṣẹ́ tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ gba físà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó gba ọ̀nà náà lọ kí wọ́n tó tì í mọ́ àwọn tí ń ti òkèèrè bọ̀ ní oṣù keje ọdún 2025. Olùkọ́ wà nínú wọn, òṣìṣẹ́ báńkì wà nínú wọn, oníṣòwò wà nínú wọn. Èmi náà wà nínú wọn. Ọdún 11 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìbàdàn kí n tó lọ. N kò wẹ̀ fún àgbàlagbà rí, àfi ìyá mi nígbà tí ó ń ṣàìsàn.

Ọjọ́ méjì ni ilé-iṣẹ́ tí ó gbà mí fi kọ́ wa. Fídíò ni a wò ní ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹni tí kò lè dìde wá, èyí tí wọ́n ń pè ní hoist. Aṣọ líle kan wà tí a máa ń tẹ́ sábẹ́ ẹni náà, okùn aṣọ náà ni a ó sì fi kọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Àwa 14 ni a yí i ká. Ẹni méjì péré ni ọwọ́ wọn kàn án, èmi kò sì sí nínú wọn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé ìwé kalẹ̀ pé kí olúkúlùkù fọwọ́ sí i pé òun ti mọ ẹ̀rọ náà lò. Mo fọwọ́ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, èmi àti ọ̀dọ́bìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sí ilé ìyá arúgbó kan láti gbé e láti orí ibùsùn sí orí àga. Ọ̀dọ́bìnrin náà bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n lò. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ojú ni ó ń tì mí. Ọmọ ọdún 22 ni, mo tó bí i. Mo kọ́ okùn náà bí mo ṣe rò pé ó yẹ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé ìyá náà sókè, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì kígbe. Okùn ẹsẹ̀ kan ti yọ. Ọlọ́run ni ó ṣe é tí a kò tíì gbé e kúrò lókè ibùsùn. Orí tìmùtìmù ni ó padà sí. Kò fara pa. Ṣùgbọ́n ó di apá mi mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì bi mí pé ṣé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ kọ́ mi ní ohun tí mò ń ṣe. N kò lè dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn mi nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa kì í ṣe ọ̀tá mi. Òótọ́ ni ó ń sọ fún mi. Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ tí a mú lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kì í gé léèsì oníbàárà lọ́jọ́ kìíní. Yóò gbá ṣọ́ọ̀bù, yóò lọ aṣọ, yóò fi àkísà kọ́ bí a ti ń gé aṣọ, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì máa wò ó. Kò sí ẹni tí yóò bú u pé kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé àìmọ̀ rẹ̀ ni a ṣe mú un wá. Nínú Ìwé Mímọ́ pàápàá, Èlíṣà ti ń bu omi sí Èlíjà lọ́wọ́ kí ó tó gba ipò rẹ̀, Jóṣúà sì ti jẹ́ ìránṣẹ́ Mósè fún ọdún púpọ̀ kí ó tó di olórí. Bí a kò bá lè fi léèsì lé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, báwo ni a ṣe lè fi ara ènìyàn tí Ọlọ́run dá lé ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́wọ́?

Kì í ṣe àṣà wa nìkan ni ó sọ bẹ́ẹ̀, òfin náà sọ ọ́. Ní Ìlú Ọba, òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti ọdún 1974 pọn ọ́n dandan fún agbanisíṣẹ́ láti fún òṣìṣẹ́ ní àlàyé, ẹ̀kọ́ àti àbójútó, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí ewu má bàa wu ú. Ní ọdún 2013, Camilla Cavendish ṣe ìwádìí fún ìjọba, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún àwọn olùtọ́jú kò dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí ni Care Certificate bẹ̀rẹ̀ ní England, ní oṣù kẹrin ọdún 2015, pẹ̀lú ìlànà 15. Fídíò wíwò nìkan kò tó fún un. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rí ọ bí o ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí ó tó sọ pé o yege. Àkókò tí agbanisíṣẹ́ bá ní kí òṣìṣẹ́ fi kẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára àkókò tí ó gbọ́dọ̀ sanwó fún. Nílé wa náà, òfin tí ó de àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà kò gbà kí a fi ẹni tí a kò tíì kọ́, tí kò sì sí ẹni tí ń bójú tó o, sídìí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é léṣe.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ó rọrùn láti sọ. Bí mo bá ní n kò mọ̀ ọ́n, wọn yóò lé mi.” Mo mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ gba físà fún, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa lọ. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbẹ̀rù náà pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́. Ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ìyá náà bá ṣubú, ta ni wọn yóò mú? Ìwé tí mo fọwọ́ sí ni wọn yóò kọ́kọ́ mú jáde.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sọ pé, “N kò lè ṣe é.” Ẹ sọ pé, “Ẹ fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n sì ṣe é lójú yín.” Ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ti kọ́ yín ní ohun tí wọn kò kọ́ yín, irọ́ ni, kò sì yẹ ọmọ Ọlọ́run. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ béèrè sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, Acas ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìlú Ọba, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi UNISON náà sì ń dúró ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwa yòókù. Ẹ̀yin òbí àti ìyàwó tí ẹ wà nílé, bí ẹ bá ń pe ẹni yín lórí fóònù, ẹ má fi owó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé, “Kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí? Èwo ni kò tíì yé ọ?” Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi ẹni tuntun rẹ́rìn-ín, ẹ rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ yín. Ẹ̀yin ará wa tí Ọlọ́run fi ilé-iṣẹ́ jíǹkí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kò lè gé ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ kúrú kí èrè lè pọ̀, kí ẹ wá mú ìdámẹ́wàá èrè náà wá sí iwájú pẹpẹ kí ẹ sì rò pé inú Olúwa yóò dùn.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá wa, mo sì sọ òótọ́. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó fi mí sọ́dọ̀ obìnrin ará Zimbabwe kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun ni ó kọ́ mi pé bí okùn bá ti fẹ́ le, kí a dúró, kí a fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a tó gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀. Nígbà tí mo padà sí ilé ìyá arúgbó náà, mo sọ fún un pé wọ́n ti kọ́ mi. Ó ní kí n máa ka okùn náà sókè kí òun gbọ́. Mo kà á fún un ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń kà á ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti béèrè, kí ó sì fún àwọn tí a ń bi léèrè ní sùúrù láti kọ́ wa.