Amọ̀ Sísun Nìkan Kò Lè Rọ́pò Irin

Olóòtú Ọ̀wọ́n,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé kí a fi amọ̀ sísun rọ́pò irin inú ẹ̀rọ ìlọta, kí irin yé bọ́ sínú ata, sọ òótọ́ dé ìdajì. Amọ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta inú ẹ̀wà lè là á. Ìpele-ìpele ni kí a to amọ̀ sísun àti irin pọ̀: álúmínà (ohun líle tí a ń sun bí amọ̀) lójú ibi tó ń lọ nǹkan, irin lẹ́yìn, àdàlù méjèèjì láàárín. Irin máa ń súnkì ju álúmínà lọ tó bá ń tutù. Láìsí àdàlù yẹn, irin àti álúmínà á ya kúrò lára ara wọn. Láti 1984 ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Jàpáànì. (Amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò ní Ìsàn-Èkìtì kò lè rọ́pò álúmínà yẹn o.)

Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì (FUOYE) wà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá àwọn alágbẹ̀dẹ Ìrè-Èkìtì dán ìlànà yìí wò.

Òǹkàwé yín,
Ọ̀yẹ́-Èkìtì