Àìtètè Mólè, Olè Ń Mólóko

Ẹni tó bá ti dáko iṣu rí láàárín Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n kò ní í béèrè ìtumọ̀ òwe yìí. Olóko bá ẹnìkan níbi tó ti ń wa iṣu rẹ̀. Kàkà kó gbá a mú, ó dúró, ó ń wò ó bóyá ojú mọ̀ ọ́n. Olè ló kọ́kọ́ lanu: "Ẹ gbà mí o! Olè!" Ariwo tirẹ̀ ni àwọn ará oko sáré tẹ̀ lé, olóko wá di ẹni tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ lórí ebè tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Lọ́dún 2021, òwe yìí ṣẹ nílùú ọba. Gbemisola Isimi, ọmọ Yorùbá tó dá CultureTree sílẹ̀ ní London láti máa kọ́ àwọn ọmọdé lédè wa, fẹ́ fi "Yoruba Stars" sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí orúkọ ètò rẹ̀. Àṣé ẹnìkan ti ṣáájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aláṣọ kan, Timbuktu Global, ti gba ìwé àṣẹ orúkọ ọjà (trademark) lórí "Yoruba" fúnra rẹ̀ láti 2015, wọ́n sì tako obìnrin náà. Ọmọ Yorùbá wá ń tọrọ àyè láti lo Yorùbá! Ariwo ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó jọ̀wọ́ orúkọ náà.

N kò pè wọ́n lólè o. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti le ju ti oko iṣu lọ: lójú òfin, ẹni tó mú olóko kò jalè rárá. Ẹni tó níwèé ló loko.

Ìwé náà sì máa ń kú bí a kò bá sọ ọ́ dọ̀tun. Ti Nàìjíríà, tí wọ́n ń gbà ní Abùjá, ọdún 7 ni ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Ti ìlú ọba, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Amẹ́ríkà, àmọ́ níbẹ̀, láàárín ọdún karùn-ún sí ìkẹfà, wọ́n á ní kí ẹ wá jẹ́rìí pé ẹ ṣì ń lo orúkọ náà lórí ọjà, kí ẹ sì fi ọjà ọ̀hún hàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á pa á rẹ́. Ìwé Abùjá kò tilẹ̀ ràn ní kété tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹnubodè Sèmè. Benin àti Togo wà lábẹ́ àjọ OAPI ní Yaoundé, tí ìwé kan ṣoṣo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 17, Nàìjíríà kò sì sí lára wọn.

Ká ní ìyá kan wà ní Ìpele tó ń yan gàrí, tó lẹ orúkọ mọ́ àpò rẹ̀, tí gàrí náà sì ti lórúkọ ní Peckham ní London. Ọmọ rẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ ní Newport, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìlú ọba tó ń fúnni ní ìwé yìí wà, àdírẹ́sì yàrá tó háyà ló sì kọ fún wọn. Ó ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́ kí ọdún mẹ́wàá tó pé, lẹ́tà ìránnilétí kò sì bá a níbẹ̀ mọ́. Òfin ṣàánú díẹ̀: oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí ìwé náà máa kú ni wọ́n ti ń gba owó ìsọdọ̀tun, oṣù mẹ́fà sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú owó ìtanràn. Tí ìyẹn bá tún kọjá, ẹ̀bẹ̀ ló kù. Oníbàárà tó ń ra gàrí lọ́wọ́ ìyá yìí tà lè lọ fi orúkọ ọ̀hún sílẹ̀ fún ara rẹ̀, bí kò bá sì sí ẹni tó tètè takò ó, gàrí ìyá náà ni wọn yóò máa pè ní ayédèrú.

Àwọn kan sì ń ka ọjọ́ náà ju olóko lọ. Àkọsílẹ̀ ìjọba ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ọjọ́ ìparí sì wà níbẹ̀, ni àwọn gbájú-ẹ̀ fi ń kọ lẹ́tà tó jọ ti ìjọba pé kẹ́ ẹ wá sanwó ìsọdọ̀tun. Iye tí wọ́n ń béèrè máa ń ju ti ìjọba lọ fíìfíì. Kí ọmọ ìyá yìí tó san kọ́bọ̀, kó kọ́kọ́ wo iye tí Newport kọ síta, kó sì bá wọn yí àdírẹ́sì àtijọ́ yẹn padà.