Ọ̀sẹ̀ Kan Láti Ìkẹjà Dé Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ìrìn-àjò tí a kò tíì rìn, ṣùgbọ́n tí èmi àti ìyàwó mi ti fi oṣù méjì gbáko jiyàn lé lórí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Ìlọrin. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo dé ilé rẹ̀, ìsìnkú ló sì gbé mi lọ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bákan náà ni a máa ń ṣe é: a ó kúrò ní Ìkẹjà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, a ó dé lóru, a ó sin òkú lọ́jọ́ Ẹtì, a ó jẹ ìrẹsì, a ó sì tún ti kó sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni a lọ sin. Bí mo ti ń gbé báàgì mi sínú ọkọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ó ní, "Àbúrò mi, òkú nìkan ló ń fi ọ̀nà ilé mi hàn ọ́." N kò rí èsì fọ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ náà, kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, oorun gbé awakọ̀ wa lọ, ọkọ̀ sì yà kúrò lójú títì, ó wọ inú igbó. Kò sí ẹni tó kú, apá ọkùnrin kan ló ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó sórí koríko tí mo ń wo ọkọ̀ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ohun tí mo ń rò ni pé bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo kú sí, ẹ̀gbọ́n mi yóò wá sí Ìkẹjà lóru, yóò sì padà ní ìdájí.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni wà ní GRA Ìkẹjà, àdúgbò tí ìjọba òyìnbó yà sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láyé ọjọ́sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo kọjá ní òpópó Ṣóbọ̀ Aróbíodu, mo kọjá ní ti Ládòkè Akíntọ́lá, mo sì kọjá ní ti Odùduwà. Mo bá dúró. Akéwì ọmọ Ẹ̀gbá ni Ṣóbọ̀ Aróbíodu, láti ọdún 1858 sí 1936 ló gbé ayé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà kan. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ojoojúmọ́ lò ń rìn lórí orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ìlú wọn ńkọ́? Lóru, pẹ̀lú oorun lójú, lo ń kọjá níbẹ̀." Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo mú ìwé àti kálàmù.

Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ sí ìyàwó mi létí, ó ní, "Bàbá Tóyìn, ọjọ́ mẹ́jọ? Ìlọrin tí a lè kúrò níhìn-ín láàárọ̀ kí a dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú? Ta ni yóò jókòó ti ìsọ̀ mi?" Aṣọ ni ó ń tà ní Agége. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́jùnù, nítorí owó oṣù olùkọ́ kò pọ̀ tó ohun tí ìyàwó olùkọ́ yóò fi ọjà sílẹ̀ fún. Mo sọ fún un pé oko òkú tí à ń ná owó lé lórí láti ọdún mẹ́wàá wá, kò sí èyí tó so èso níbẹ̀ rí. Ó ní kí n má bá òun pòwe. Oṣù kan kọjá kí a tó tún mẹ́nu bà á.

Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni Ìtòkú. Ọjà àdìrẹ ni Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, kò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ òkúta Olúmọ. Ibẹ̀ ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ wà, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ yà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, àti oníko tí wọ́n fi ìko dì. Nígbà tí mo sọ pé òru méjì ni a ó sùn ní Abẹ́òkúta, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bí ó bá jẹ́ òru méjì, mo lè rí ojúlówó rà." Láti ọjọ́ náà ni ìrìn-àjò ti di ti àwa méjèèjì. A fi àdéhùn kan sí i: Ìtòkú nìkan ni yóò ti rajà. Mo mọ̀ pé kò ní mú un ṣẹ.

Bí a ti ṣe ètò rẹ̀ nìyí. Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde ni a ó gbéra, àwọn ọmọ yóò wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá wọn. Agége ni a ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọdún 1896 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin àkọ́kọ́ láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Tuntun tí à ń sọ yìí, ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i, láti Èbúté Mẹ́ta dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ má ṣe gbára lé àkókò tí aládùúgbò sọ fún yín, nítorí wọ́n máa ń yí i padà. Ẹ fúnra yín lọ béèrè ní ibùdókọ̀ ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú. Ẹ sì rántí pé ibùdókọ̀ wọ̀nyí kò sí láàárín ìlú. Ti Abẹ́òkúta wà lẹ́yìn ìlú ní Láderin, Mọ́níyà náà sì jìnnà sí Dùgbẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ka owó ọkọ̀ ojú irin nìkan, tí kò ka ti takisí, yóò lọgun.

Sátidé àti Àìkú, Abẹ́òkúta. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú a ó jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Aké, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1846. Lọ́wọ́ ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, a ó gun Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lábẹ́ Ṣódẹkẹ́ ní 1830 nígbà tí ogun lé wọn kúrò nílé. Ní ìlú yìí kan náà ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, ní èdè Yorùbá, kí ìwé ìròyìn kankan tó wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Èmi tí mo ń kọ̀wé sí yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò tíì dúró lórí ilẹ̀ ibẹ̀ rí, bí kò ṣe láti ra omi mu lójú fèrèsé ọkọ̀.

Ọjọ́ Ajé, a ó tún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Mọ́níyà. Ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa ojú irin yìí. Orúkọ Akíntọ́lá ni wọ́n fún ibùdókọ̀ Omi-Àdìó, ti Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fún Mọ́níyà tó tẹ̀lé e. Àwọn méjì tí ìjà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ilẹ̀ wa ya láti ọdún 1962, ọkọ̀ kò lè ti Èkó dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan lónìí láìkọ́kọ́ kọjá níwájú èkejì.

Òru kan péré ni Ìbàdàn gbà. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ má bínú sí mi, ìlú yín tóbi ju ìrìn-àjò yìí lọ. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 àti ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì ti tó wa.

Ojú irin tuntun ti parí sí Mọ́níyà, ti àtijọ́ sì gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò ya ọ̀dọ̀ Aláàfin. Nítorí náà ọkọ̀ ilẹ̀ ni a ó wọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ sí Ọ̀yọ́. Níbẹ̀ ni a kò fi ẹnu kò. Ìyàwó mi fẹ́ rí àwọn afíngbá àti ọjà Akẹ̀sán, tó jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020 tí wọ́n sì tún kọ́. Èmi fẹ́ lọ sí ọgbà Saint Andrew's, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Ọ̀yọ́ láti 1896, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin. Yunifásítì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó kọ́ mi ní ìwé kíkà ní kíláàsì kìíní, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́. Ìyàwó mi béèrè pé kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀. Mo ní igi. Ó ní igi wà ní GRA. A kò tíì yanjú rẹ̀ títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Ọjọ́rú, a ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, a ó ra máńgòrò níbẹ̀ nítorí àsìkò rẹ̀ ni, a ó sì dé Ìlọrin kí aago mẹ́rin tó lù. Òfin kan ṣoṣo tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lé nìyẹn: a kò ní wà lójú títì lóru. Èmi tí mo ti jókòó sórí koríko lójú ọ̀nà yẹn, mo mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ní Ìlọrin, ọjọ́ Ẹtì a ó padà sùn ní Ìbàdàn, Sátidé a ó wọ ọkọ̀ ojú irin wálé.

Lábẹ́ Ìlọrin, n kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ìyàwó mi ní kí n kọ àwọn amọ̀kòkò Òkèlele sí i, mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò sọ ohun tí a ó ṣe.

Lálẹ́ àná ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù láti sọ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn Àjíǹde." Ó dákẹ́. Mo rò pé ẹ̀rọ ti já ni. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn kékeré béèrè pé, "Ta ló kú?" Mo ní kò sí ẹni tó kú. Ó ní kí n má fi nǹkan pa mọ́ fún òun, pé òun lè gbà á mọ́ra. Ìyàwó mi ní láti gba fóònù lọ́wọ́ mi kí ó tó gbà gbọ́. Nígbà tó dá fóònù padà fún mi, ẹ̀gbọ́n mi ti ń béèrè bóyá mo ṣì fẹ́ràn wàrà bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, àti pé òru mélòó ni mo sọ pé a ó sùn.