Bí Ọkùnrin Rí Ejò, tí Obìnrin Pa Á: Ipa Obìnrin nínú Orin Jáàsì

Bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ. Ibi iṣẹ́ àjọṣe ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí, láti fi pẹ̀tù sí ọkàn àwọn tó ń du iyì. Ṣùgbọ́n òwe náà kò fi ẹni tó pa ejò pamọ́: ó sọ ẹni tó rí i, ó sì sọ ẹni tó pa á. Abala kejì yìí ni àwọn tó ń pìtàn orin jáàsì fò dá fún ìgbà pípẹ́.

Lil Hardin ni àpẹẹrẹ tó yanjú jù. Ìlú Memphis ni wọ́n ti bí i ní 1898, dùùrù ló sì tẹ̀ nínú ẹgbẹ́ King Oliver ní Chicago, ẹgbẹ́ tí Louis Armstrong dara pọ̀ mọ́ ní 1922. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀ ni Armstrong ń fun fèrè sí. Lil, tó fẹ́ ẹ ní 1924, kò gbà kí ọkọ òun máa jẹ́ igbákejì títí ayé. Òun ló tì í kúrò níbẹ̀, tí Armstrong fi lọ bá ẹgbẹ́ Fletcher Henderson ní New York. Nígbà tí ẹgbẹ́ Hot Five bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀ ní 1925, Lil ló jókòó nídìí dùùrù, ó sì fún wọn ní orin tó fúnra rẹ̀ ṣe. Àwọn àwo wọ̀nyẹn wà lára ìpìlẹ̀ jáàsì títí dòní, síbẹ̀ orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ wọn. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀.

Mary Lou Williams náà tẹ dùùrù, ó sì to orin fún ẹgbẹ́ Andy Kirk. Ilé rẹ̀ ní Harlem ni àwọn ọ̀dọ́ bíi Thelonious Monk ti ń wá gba ìmọ̀. Ní 1937, wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ Piney Woods ní Mississippi jọ sínú ẹgbẹ́ International Sweethearts of Rhythm. Obìnrin ló ń fun fèrè, obìnrin ló ń lùlù. Ní 1945, wọ́n ré òkun lọ sí Yúróòpù láti dá àwọn sójà adúláwọ̀ Amẹ́ríkà lára yá.

Jáàsì dé etí ọ̀sà tiwa náà, àtobìnrin àtọkùnrin ló sì gbé e dé. Ọmọ Ìkòròdú ni Bobby Benson. Nígbà tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1947, Cassandra, aya rẹ̀ tó jẹ́ oníjó, ló bá a dé. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi pe ẹgbẹ́ eléré tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀: bí Bobby ti ń ta gìtá ni Cassandra ń jó. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Bobby tó ń jẹ́ Jam Session Orchestra gbilẹ̀ ní Èkó.

Fẹlá gan-an, tó po jáàsì mọ́ háíláìfù, ní obìnrin tó yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ní Los Angeles ní 1969, Sandra Izsadore fi ìwé ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X lé e lọ́wọ́, ó sì là á lóye nípa ìjà àwọn adúláwọ̀. Láti ìgbà náà ni orin Fẹlá ti gbé ọ̀rọ̀ ìṣèlú lérí. Fẹlá kò fi èyí pamọ́, Sandra ló sì léwájú orin nínú àwo *Upside Down* ní 1976.

Wákà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í ṣe jáàsì, ṣùgbọ́n òun ní tirẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti gbàgbé ipa obìnrin, torí orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni láti ìpìlẹ̀. Bàtílì Àlàkẹ́ gbé e kúrò níbi ìnáwó wọ inú àwo. Salawa Àbẹ̀ní, tí wọ́n bí ní 1961, gbé àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, lórí ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Ní 1992, Aláàfin Ọ̀yọ́, Làmídì Adéyẹmí, fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà.