Òòfà Tí Kì Í Fà

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ físíìsì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, oríkì àti òwe lẹ mọ̀. Ẹ fi Yorùbá sọ bí òòfà ṣe ń gba ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ooru, ká gbọ́." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wá. Ìdáhùn wa rèé.

Franklin Chang-Díaz, ọmọ Costa Rica tó bá Amẹ́ríkà lọ sí gbalasa òfúrufú nígbà 7, ló ronú kan ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní VASIMR. Ìgbì rédíò ni wọ́n fi ń mú gáàsì argon gbóná nínú rẹ̀, títí yóò fi di plásímà. Ooru plásímà yìí lè ju 1,000,000°C lọ. Bẹ́ẹ̀ tungsten, irin tó ṣòro yọ́ jù lọ, ń yọ́ ní 3,422°C. Irin wo ló fẹ́ gba irú iná bẹ́ẹ̀ mọ́ra?

Alágbẹ̀dẹ kì í fọwọ́ mú irin gbígbóná. Ẹ̀mú ló fi ń mú un. Òòfà ni ẹ̀mú VASIMR. Nítorí pé iná mànàmáná wà lára àwọn ohun tín-ín-tìn-tín inú plásímà, òòfà kì í jẹ́ kí wọ́n lọ bó ṣe wù wọ́n. Ó ń darí wọn gba àárín jáde lẹ́yìn, kí wọ́n má bàa fara kan ògiri ẹ́ńjìnnì. Ní oṣù Keje 2021, ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ṣiṣẹ́ fún wákàtí 88 láìdúró lórí ilẹ̀, pẹ̀lú agbára kílówáàtì 80.

Kì í ṣe gbogbo rọ́kẹ́ẹ̀tì ni èyí bá mu o. Iná rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń sun epo kò ní mànàmáná tó lára tí òòfà yóò rí dì mú. Epo tútù tó ń gba inú ògiri ẹ́ńjìnnì kọjá ló sábà máa ń tù ú.

A fi iṣẹ́ wa han ọ̀rẹ́ wa. Ó ní a ṣi gbólóhùn kan: a ti kọ ọ́ pé òòfà ń "fa" plásímà. Orúkọ ló tàn wá jẹ. Nínú fífà la ti rí òòfà, ṣùgbọ́n níbí, dídarí ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ gan-an nìyí. Irọ́ ni pé Yorùbá kò lè gbé sáyẹ́ǹsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì n'Ílé-Ifẹ̀ láti 1970. Ṣùgbọ́n àwa náà jẹ̀bi. A máa ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, a ó pa ìwé dé, a ó ní iṣẹ́ ti parí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀rẹ́ wa ti gbà láti bá wa kọ èyí tó kàn. Ẹ̀yin ńkọ́?