Ẹni Tí Kò Ní Àyè Ìgbọ́kọ̀sí Ló Ń San Owó Jù

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ìlú Ọba lónìí, iye tí èèyàn ń ná láti fi ṣáájì ọkọ̀ oníbátìrì kò fi bẹ́ẹ̀ dá lórí irú ọkọ̀ tó ń wà tàbí bó ṣe ń wà á. Ibi tó ń sùn ló dá lé. Ẹni tó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí níwájú ilé rẹ̀ á ki wáyà bọ ọkọ̀ lálẹ́, á lọ sùn. Ilẹ̀ á mọ́, bátìrì á ti kún, owó táṣẹ́rẹ́ ló sì máa san. Ẹni tó ń gbé fúláàtì lókè kẹrin ní Peckham tàbí Woolwich kò ní ibi tó máa ki wáyà bọ̀. Ìta ló ti ń ra iná, owó gọbọi ló sì ń san.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mi ò fẹ́ràn kéèyàn máa jiyàn láìṣírò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀hún.

Ẹ mú 50 yúníìtì iná, ìyẹn kWh tí ẹ máa ń rí lórí bíìlì yín. Àwọn ilé-iṣẹ́ iná kan ní ètò òru fún àwọn tó ní ọkọ̀ oníbátìrì. Láti ọ̀gànjọ́ òru títí di ìdájí, yúníìtì kan lè jẹ́ nǹkan bíi pẹ́ńsì 7 sí 9. Ẹ jẹ́ ká fi í sí pẹ́ńsì 8. 50 lọ́nà 8, £4 nìyẹn. Ẹ wá gbé ọkọ̀ kan náà lọ sí ibi ṣáájà ayára-bí-àṣá tó wà lójú títì. Pẹ́ńsì 75 fún yúníìtì kan kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu níbẹ̀ mọ́. £37.50 nìyẹn. Ó ju ìlọ́po mẹ́sàn-án lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. 50 yúníìtì lè gbé ọkọ̀ oníbátìrì lásán rin nǹkan bíi máìlì 175. Ọkọ̀ elépo tó ń rin máìlì 40 lórí gálọ́ọ̀nù kan máa lo nǹkan bíi lítà 20 fún ìrìn yẹn. Tí lítà epo bá jẹ́ £1.35, kò ju £27 lọ. Ìyẹn ni pé ará fúláàtì tó gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu, tó pa epo tì nítorí afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí símú, ń ná owó ju aládùúgbò rẹ̀ tó ṣì ń jó epo lọ. Ṣé ẹ rí i?

Wọ́n á ní ọjà ló rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ẹ jẹ́ kí n gbà fún wọn níbi tí òótọ́ wà. Iná tó ń wọlé wa, AC ni. Bátìrì ọkọ̀ kì í gba nǹkan míì àfi DC. Nílé, ẹ̀rọ kékeré kan tó wà nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yí i padà díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi kW 7, ó sì ní gbogbo òru láti fi ṣe é. Ṣáájà ayára-bí-àṣá kì í dúró de ẹ̀rọ kékeré yẹn. Ó ní ẹ̀rọ ńlá tirẹ̀ tó ń da DC sínú bátìrì ní tààrà, láti kW 50 títí lọ dé 350. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ́ tiransifọ́mà tirẹ̀. Wọ́n ń san owó ilẹ̀, wọ́n sì ń san owó fún àǹfààní àtifa iná púpọ̀, yálà oníbàárà wá o, tàbí kò wá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n máa ta iná yẹn ní pẹ́ńsì 8 kò mọ ohun tó ń sọ.

Ó dáa. Àmọ́ owó orí VAT kì í ṣe tiransifọ́mà.

Iná tí èèyàn bá lò nínú ilé, VAT 5% ni ìjọba ń gbà lórí rẹ̀. Iná tó bá rà níta láti fi ṣáájì ọkọ̀, 20% ni. Nínú £4 tí onílé san lẹ́ẹ̀kan, pẹ́ńsì 19 ló lọ sápò ìjọba. Nínú £37.50 tí ará fúláàtì san, £6.25 ló lọ síbẹ̀. Ẹ tún un kà. Owó orí nìkan tí ẹnì kan san ju gbogbo owó iná tí ẹnì kejì san lọ!

Tí ẹ bá sì ṣì rò pé tìtorí pé ó yára ni, ẹ wo àwọn ṣáájà tí àwọn kánsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù so mọ́ òpó iná àdúgbò. Ìyẹn kò yára rárá. Nǹkan bíi kW 5 ni, AC bíi ti ilé, èèyàn á so ọkọ̀ mọ́ ọn láti alẹ́ di àárọ̀. Ohun tí onílé ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé ìta ni. 20% náà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Kí ni a fẹ́ pe ìyẹn, bí kì í bá ṣe owó ìtanràn fún àìnílé?

Àwọn kan á tún béèrè pé, ta ló ní kó ra ọkọ̀ oníbátìrì? Ìjọba ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ọkọ̀ èrò aládàáni tó bá ń gba ìwé-àṣẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ lè rìn láìtú èéfín, ó kéré tán fún ìwọ̀nba máìlì. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni ULEZ kárí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ sì mọ àwọn tó ń wa ọkọ̀ èrò yìí. Àwọn bọ̀dá àti àǹtí wa ni, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí wọ́n sì ń sùn ní fúláàtì kánsù. Ẹni tó ń rìn jù lọ ni iná ọ̀wọ́n yìí ń jẹ níyà jù lọ.

Èyí tó kù lẹ́yìn tún wà lọ́nà. Nínú ètò ìṣúná oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé láti oṣù kẹrin ọdún 2028, ọkọ̀ oníbátìrì á máa san pẹ́ńsì 3 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan. Fún máìlì 175 wa, £5.25 nìyẹn. Onílé á fi kún £4, á ṣì máa jẹ èrè. Ará fúláàtì á fi kún £37.50. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra gaàrí ní kọ́ńgò rí, nígbà tí olówó ń ra àpò, mọ ìtàn yìí dáadáa.

Kí la fẹ́? Àkọ́kọ́, kí VAT ìta di 5%. Ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin àwọn Lọ́ọ̀dù ti dá a lábàá láti oṣù kejì ọdún 2024. £37.50 yẹn á di nǹkan bíi £32.80. Kò tíì tó, ṣùgbọ́n ìrẹ́jẹ tí ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe á kúrò níbẹ̀. Ìkejì, kí kánsù má fún ilé-iṣẹ́ kankan láyè lórí òpó iná mọ́ láìjẹ́ pé ó máa ta iná òru ní owó òru. Ìkẹta, kí àwọn tó ni ilé fúláàtì tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí yéé sọ fún ayálégbé pé wáyà á ba ẹwà ilé jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé bíìlì £4 yín sórí X pé ọkọ̀ oníbátìrì kò náni ní nǹkan, a kí yín kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ní àyè ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní, ẹ mú rìsíìtì ṣáájà yín tó kẹ́yìn, ẹ pín in sí mẹ́fà. Ìdá kan nínú rẹ̀, VAT ni. Ẹ kọ iye yẹn sínú lẹ́tà, ẹ fi ránṣẹ́ sí aṣòfin àdúgbò yín, kẹ́ ẹ bi í léèrè ìdí tí iná òpópónà fi jẹ́ fàájì, tí iná inú gáréèjì sì jẹ́ kòṣeémánìí.