Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Yẹ Ọta Yín Wò

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà l'Amẹ́ríkà, tí ẹ ń lọ sí pápá ìyìnbọn lópin ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́ o. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń kùn pé àwọn alábòójútó ń fi òòfà yẹ ọta yín wò, pé torí kí wọ́n lè ta tiwọn ni. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Òòfà kì í fa òjé, kì í fa bàbà. Bó bá gbá ọta mú, irin wà lára rẹ̀ nìyẹn. Ọta onírin a máa ba ibi tí wọ́n ṣe láti gba ọta jẹ́, a máa ta padà sẹ́yìn, a sì máa ṣáná. Lóṣù Kẹfà ọdún 2012, ìbọn tí àwọn kan ń yìn ṣeré nítòsí Saratoga Springs ní Utah dá iná sílẹ̀ nínú pápá gbígbẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sá fi ilé sílẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kíkó oríṣi ọta méjì sápò kan. Kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní 20 (20 gauge) kéré sí 12 (12 gauge). Bó bá bọ́ sínú ìbọn 12, á yọ̀ wọnú ọ̀pá, á há síbẹ̀. Oníbọn á rò pé òfìfo ni, á ki 12 tẹ̀lé e, ọ̀pá á sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe 20 ní àwọ̀ ìyeyè ní Amẹ́ríkà.

Àwọn alábòójútó pápá kì í sì í gba ọta tí ẹ fọwọ́ ara yín ki nílé sínú ìbọn tí wọ́n fi yá yín. Ọdẹ ilé wa tó ń lo ṣakabùlà kò ní bá wọn jiyàn: ẹ̀tù àpọ̀jù a máa fa ìbọn ya.

Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, ẹ má yí ẹnu rẹ̀ padà. Ẹ kọjú rẹ̀ síbi tí ẹ ń yìn sí fún ìṣẹ́jú àáyá 30, torí ẹ̀tù mìíràn máa ń pẹ́ kó tó gbiná. Bó bá dún fẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ dáwọ́ dúró. Ọta lè ti há sínú ọ̀pá.

Eruku òjé tó ń tú jáde lára ọta ńkọ́? Lọ́dún 2010, òjé láti ibi ìwakùsà wúrà pa ọmọdé tó tó 400 ní Zamfara. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra.